Bèèrè Oúnjẹ Kí O Tó Wọn Èémí

Ẹgbẹ́dá,
Ọjọ́rú, àárọ̀.

Olúwadáre ọmọ mi, Àkànbí ọkọ mi,

O mọ̀ pé ìkíni kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Àlàáfíà ni a wà. Bàbá rẹ ń sùn dáadáa, ó sì ń jẹun ju bó ṣe yẹ lọ. Búrẹ́dì ń jáde lásìkò ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìgàndó. Iná ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò tíì já wa kulẹ̀. Ó tán. Jẹ́ kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Tópẹ́ ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Tópẹ́ ọmọ Ìyá Tópẹ́ tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, eléré ìje tí o yẹ̀ wò ní láàbù yín lọ́jọ́ tí mo wá kí ọ. Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ óò tún un yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Ẹtì, kóòṣì yóò lẹ orúkọ àwọn tó ń lọ síbi ìdíje àwọn yunifásítì mọ́ ògiri. Ohun tí ẹ bá rí lọ́la ni yóò sọ bóyá orúkọ ọmọ yẹn á wà níbẹ̀ àbí kò ní sí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù, wàá gbọ́ ìdajì, wàá ní "Ó dáa, Mà," wàá sì máa bá tìẹ lọ. Jókòó kí o ka èyí tán. Mi ò ní í kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀. Nígbà tí o sọ fún wa pé láàbù ìmọ̀ eré ìdárayá ní yunifásítì ni wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, inú mi kò dùn. Mo ti to ọ̀nà rẹ sílẹ̀ lọ́kàn ara mi: ilé iṣẹ́ ńlá, yàrá tó tutù, ọ̀gá tí kì í fi àsìkò ṣeré. Bàbá rẹ tiẹ̀ bi mí pé, "Ṣé wọ́n tún ń kọ́ èèyàn ní eré sísá ni? Ta ló kọ́ ewúrẹ́?" A jọ rẹ́rìn-ín sí i, ìwọ náà sì gbọ́ ẹ̀rín yẹn lórí fóònù. Mo ti wá, mo ti fojú ara mi rí iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rín yẹn kò yẹ ọ́. Ṣá ti gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀, mo rò pé mo máa bá gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kó bọ́ọ̀lù àti okùn sí ni. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso okòwò, ojú mi kì í wo ẹwà kó tó wo ètò. Ètò sì ni mo kọ́kọ́ rí. Gbogbo nǹkan ló ní àyè tirẹ̀. Ìbòmú tí ẹnì kan bá ti lò, ó ní bàsíà tí ẹ ń jù ú sí kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kiri, kò sẹ́ni tó ń pariwo pé "ta ló gbé e?" Mo sọ lọ́kàn mi pé, bí mo bá rí èèyàn bí irú èyí méjì péré ní Ìgàndó, orí mi ì bá má máa fọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ìsáré yẹn, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, téèyàn á sáré títí tí kò sì ní kúrò lójú kan. Ìbòmú tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé àti èyí tó jáde, tó ń sọ iye tí ara rí lò nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì tí ẹ dè mọ́ àyà, tó ń gbọ́ ọkàn. Pátákó irin tí ẹ rì mọ́lẹ̀, tó mọ ìwúwo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kan ilẹ̀. Mo rí bàbá kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lórúnkún, tó ń kọ́ ìrìn lákọ̀tun. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. O fi àwòrán hàn án, o ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ẹ ti gbára lé e lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Bàbá wo àwòrán náà títí, ó ní, "Àṣé ẹsẹ̀ yìí ti ń gbàgbé ìbẹ̀rù." Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo sì mọ̀ pé o rí mi nígbà tí mo ń díbọ́n pé mò ń wá nǹkan nínú báàgì.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá rẹ obìnrin, Prọ́fẹ́sọ̀, ní kí èmi náà rìn lórí irin yẹn.

"Màmá, ẹ rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn nílé."

Mo ní, "Bí mo ṣe ń rìn nílé nìyí."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ń rìn bí ẹni tó fẹ́ bá ilẹ̀ jà ni."

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, ìwọ náà, ọmọ tí mo bí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fi èsì hàn mí, mo bojú wo bàtà mi. Ẹsẹ̀ òsì mi ni mò ń fi gbá ilẹ̀. Ó ń wúwo ju ọ̀tún lọ gan-an. Àkànbí, o mọ ṣúmékà tó ń tún bàtà mi ṣe ní Ìkòtún, nítòsí ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń gbà yípo. O mọ bí mo ṣe máa ń bá ọkùnrin yẹn wí. Gbogbo ìgbà ni gìgísẹ̀ bàtà òsì mi ń jẹ, gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé kò lẹ̀ ẹ́ dáadáa, pé ó kàn fẹ́ máa gba owó mi ni. Ó sì máa ń ní, "Mọ́mì, mo lẹ̀ ẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ bá a. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kẹ̀? Mọ́mì, mo ti pààrọ̀ gọ́ọ̀mù nítorí yín o. Mo ti bá ẹni tó ń tà á fún mi jà." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ bá ẹni tó ń ta gọ́ọ̀mù náà, kí n bẹ òun náà.

Nítorí náà, àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ràn mi: iṣẹ́ tí o wà nídìí rẹ̀ yìí jẹ́ iṣẹ́ tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn òfo. Kí ẹ tó wá, bí eléré ìje bá kọsẹ̀, a ní ọ̀lẹ ni. Bí bọ́ọ̀lù ò bá wọlé, a ní ayé ló de ẹni tó gbá a lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin kì í méfò. Ẹ ń wọ̀n ọ́n ni. Má fojú kékeré wò ó, bí ẹnikẹ́ni bá sì tún bi ọ́ pé ta ló kọ́ ewúrẹ́, títí kan bàbá rẹ, sọ fún un pé a kì í ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún ewúrẹ́.

Èkejì, ẹ má jókòó ti ìmọ̀ yẹn. Ìgbà tí o wá sílé kẹ́yìn, o dúró ní Ìgàndó, o ń wo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé àpò ìyẹ̀fun. Mo rò pé o ń ṣe fàájì. O wá ní kí wọ́n fa àpò náà mọ́ra kí wọ́n tó gbé e, kí a sì gbé tábìlì tí a fi ń po ìyẹ̀fun ga sókè. A gbé e ga. Ẹ̀yìn tó máa ń dùn wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ti dínkù, àwọn fúnra wọn ló ń sọ ọ́, mi ò bi wọ́n. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún dé Ìgàndó, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Àwọn tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, àbá ni wọ́n ń dá. Àwọn ìyá àgbà tó ń ṣubú nílé, ta ló ń wọn ìrìn wọn? Gbogbo wọn lè jàǹfààní nínú láàbù yẹn, wọn kò sì mọ̀ pé ó wà. Ọjà tí a kò pàtẹ, ta ni yóò ná an? Lọ bá Prọ́fẹ́sọ̀. Sọ pé ẹ yan ọjọ́ kan tí àwọn ará ìta lè wọlé. Má kọ ọ́ gùn. Ojú ìwé kan tó.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìdúró, o sì mọ̀ pé èmi àti ìdúró kì í jẹun nínú àwo kan náà.

Nígbà tí mo gba ilé iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú férémù lára ògiri, mo rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Mo rí i pé wọ́n á po ìyẹ̀fun tán, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á jókòó. Mo ní, "Kí lẹ ń dúró dè?" Wọ́n ní, "Ó ń wú, Mà." Mo ní ìdúró yìí ni yóò pa iṣẹ́ yìí, ẹ tì í sínú iná. Ọmọ mi, èèyàn lè fi búrẹ́dì ọjọ́ yẹn mọ ilé. Àwọn tó ń bá wa tà á ní Ìkòtún kó o padà, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé èyí tí wọ́n ń jẹ ni, Mà, àbí èyí tí wọ́n fi ń lé ajá?" A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdúró pín sí méjì. Ọ̀kan ni ọ̀lẹ tó wọ ẹ̀wù sùúrù. Ìkejì jẹ́ ara iṣẹ́; bí o bá yọ ọ́ kúrò, kò sí iṣẹ́ mọ́.

Méjèèjì ló wà ní láàbù yín. Ẹ̀rọ kan wà ní igun tí ẹ fi aṣọ bò. Mo bi ọ́ pé kí ló ṣe é, o ní ẹ ń dúró de ìwé. Ìwé wo? Lọ́wọ́ ta? Ọjọ́ wo ló máa jáde?  Àkànbí, ẹni tí kò bá lè dá ìbéèrè mẹ́ta yẹn lóhùn kò dúró de nǹkan kan, ó kàn dúró ni. Kí oṣù yìí tó parí, lọ sí ọ́fíìsì tí ìwé náà há sí, fi ẹ̀rín kí wọn, má sì kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn náà ni mo rí ìdúró kejì. Tópẹ́ dé, ó ti wọ aṣọ eré, mo rò pé ó máa gun ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. O ní kó jókòó. Ó jókòó, ó jókòó. Mo wo aago. Mo bi ọ́ pé kí lẹ tún ń retí, o ní, "Ọkàn rẹ̀ ò tíì sinmi, Mà. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìrìn tó rìn láti ìta la máa wọ̀n." Mo pòṣé nínú ikùn mi. Mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni o sọ fún mi, mo sì tún mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ṣì í. O dúró de ìrìn kó kúrò lára rẹ̀. O kò dúró de ebi.

Mo ní kí n sọ bó ṣe rí lójú mi, torí ìwọ ojú ẹ̀rọ ni o ń wò nígbà náà. Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹ mú kí ilẹ̀ ẹ̀rọ náà yára sí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ sókè kó tó dé ibi tí gbogbo yín retí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnì kan gbé omi fún un nínú ife. Ó gbà á, ó dì í mú. Kò mu ún. Mo fún un ní búrẹ́dì tí mo gbé wá. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tì í sínú báàgì. Mo ní ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Mo rí i, mi ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Tópẹ́ fà mí lápá.

"Mọ́mì Dáre, ẹ bá wa fi ọmọ yìí sínú àdúrà o. Ó ti wà nínú ààwẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìdíje yẹn. Òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi lójúmọmọ, títí orúkọ yóò fi jáde."

Mo ní, "Títí kan ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù."

Mo pè ọ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. O rántí. Mo bi ọ́ pé ṣé o bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.

"Mo bèèrè, Mà. Ó wà lára ohun tí a máa ń bi wọ́n."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní a dúpẹ́."

"O sì kọ pé ó ti jẹun."

  Ilé wa ni o dàgbà sí. Wọ́n kọ́ gbogbo wa pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í kéde rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ purọ́. Kí ni ọmọ yẹn ì bá tún sọ? Mùsùlùmí tó bá ń gbààwẹ̀ lásìkò, gbogbo ayé ló mọ̀, ẹ kò tiẹ̀ ní pè é wá lọ́sàn-án. Ti àwa yìí wà ní ìkọ̀kọ̀. Kò sí òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yẹn tó lè mọ ìyẹn. Ìwọ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, torí o jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́dá. Ohun tí o mọ̀ láti ilé, má fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ dúró gbọ́ ìdáhùn. Má bi wọ́n pé ṣé wọ́n jẹun. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ kẹ́yìn, àti ìgbà wo. Bi wọ́n ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Ọ̀rọ̀ tí o wá sọ lẹ́yìn náà dùn mí, mi ò ní í fi pamọ́. O ní, "Mà, èsì ti kúrò lọ́wọ́ mi. Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Tí mo bá lọ sọ pé mo ṣì í, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́."

Mo ní, "Mo gbọ́. Ẹ̀rù ń bà ọ́. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tìẹ kò gbọdọ̀ gba àyè ọmọ ẹlòmíràn."

Mo pa fóònù. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ náà le jù. Mo ní ó le tó bí ó ṣe yẹ kó le.

Nígbà tí o pè ní ọjọ́ Ajé, kí o tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ lóhùn rẹ pé o ti lọ. O ní o dúró níwájú Prọ́fẹ́sọ̀, o sọ gbogbo rẹ̀, títí kan "a dúpẹ́" yẹn. O ní o ti ń ronú ibi tí wàá kó ẹrù rẹ sí. O ní o bi í bóyá kí o pa èsì yẹn rẹ́. Ó ní, "Rárá. A kì í pa òṣùwọ̀n rẹ́. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì mú ọmọ náà padà wá lẹ́yìn tó bá ti jẹun dáadáa. Màá bá kóòṣì sọ̀rọ̀." Ó sì ní kí ẹ pààrọ̀ ìbéèrè yẹn fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti òní lọ.

Àkànbí, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, mo sì ti di ọ̀gá. Mi ò rí irú obìnrin yẹn púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ àṣìṣe síta láìsí pé orí ẹnikẹ́ni fò lọ, tí wọ́n sì ń tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, má kúrò níbẹ̀ torí pé ẹnì kan fi ọ́fíìsì tútù hàn ọ́. Ìyá rẹ tó fẹ́ ọ́fíìsì tútù yẹn fún ọ tẹ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ó wá ku ti ìyá ọmọ. Ọjọ́ Ajé náà ni mo gba ilé wọn ní Gowon Estate lọ. Ìyá Tópẹ́ gbé àga fún mi, ó gbé omi, mo ní mi ò jókòó. Mo sọ ohun tí ẹ̀rọ rí àti ìdí tó fi rí i bẹ́ẹ̀. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Mọ́mì Dáre, ẹ̀jẹ́ ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n bá Ọlọ́run dá àdéhùn kí n sì yẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ta ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, ẹ̀yin àbí Tópẹ́?"

"Èmi ni mo jẹ́ ẹ. Òun ló ń gbà á."

"Ẹ̀yin lẹ máa sáré?"

"Rárá."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ara tiyín gbà á. Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́. Ẹsẹ̀ yín kò níṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀."

Ó fẹ́ bínú. Ó ní èmi ti sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di okòwò. Mo ní ìpín iṣẹ́ ni. Tópẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó. Bóyá ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ṣe rí.  Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ìrẹsì jáde, ó ní, "Jókòó." Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbààwẹ̀. Mo rí i lánàá ní ibùdókọ̀, ó ní, "Mọ́mì Dáre, ẹ ti kó mi sí i." Mo ní kó máa gbàdúrà lọ.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn baba wa ti wọn ìyẹn kí láàbù tó dé. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dún tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Ó ku ohun kan, òun ló wúwo jù lọ́kàn mi. Lọ́la, wọ̀n ọ́n bí o ṣe ń wọn àjèjì. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ìyá rẹ ló lọ pariwo kí wọ́n tó pè é padà. Má jẹ́ kí èyíkéyìí nínú ìyẹn gun ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ṣe dáadáa, kọ ọ́. Bí kò bá dé ibi tí kóòṣì ń fẹ́, kọ ìyẹn náà, kí o má fi nǹkan kan kún un. Mo jà kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n dáadáa ni, mi ò jà kí wọ́n lè mú un. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé kò tó, má jẹ́ kó lọ kà á lára ògiri lọ́jọ́ Ẹtì láàárín èrò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Pè é jókòó, fi àwòrán yẹn hàn án bí o ṣe fi han bàbá olórúnkún, sọ ibi tí ó kù sí àti ohun tó lè ṣe sí i. Iṣẹ́ yín kò parí síbi nọ́ńbà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà níwájú mi ní tábìlì ìdáná, ó ń jẹ iṣu àti ẹyin. Mọ́tò láti Ìyànà-Ìpájà ló máa wọ̀ bó bá jẹun tán, kó lè dé ọ̀dọ̀ yín kó sì sùn dáadáa.  Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí sókè, ó ní, "Mà, tí n kò bá tún ṣe é dáadáa lọ́la ńkọ́?"

Mi ò fẹ́ parọ́ fún un. Mo ní, "Nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ ló sọ̀rọ̀. Èyí tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, ebi ni."

 Ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó bù sí i.

Kí Ọlọ́run tó ni èémí dúró tì yín lọ́la, kí ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò ní sùn fọnfọn títí ìwọ yóò fi pè.